Ibi Tí Iná Ilé Ìdáná Mi Ti Ń Wá

Títí di òní, mi ò mọ orúkọ tí màá pe ohun tí mo ṣe fún ìyá ọkọ mi. Ṣé irọ́ ni? Mi ò kúkú parọ́. Àbí mo parọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Màlúù mẹ́fà ni èmi àti ọkọ mi ń sìn n'Ìkòròdú. Mílíìkì wọn ni mo fi ń se wàrà tí mò ń tà l'Ébùúté. Mílíìkì ò yọ wá lẹ́nu, ìgbẹ́ ni. Ìgbẹ́ láàárọ̀, ìgbẹ́ nírọ̀lẹ́! Tí òjò bá rọ̀ báyìí, òórùn á gba gbogbo àdúgbò, àwọn ará ilé kejì á sì tún fẹjọ́ wa sùn. Nígbà tó yá, ọkọ mi gbẹ́ kòtò, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó dé e pa. À ń po ìgbẹ́ mọ́ omi, à ń dà á síbẹ̀, gáàsì tó bá ń ti inú rẹ̀ jáde á gba páìpù wọ ilé ìdáná mi. Mo ní, iná kẹ̀? Láti inú ìgbẹ́? Àfi ìgbà tí mo ṣáná sí i! Bí a ò ṣe ra gáàsì mọ́ nìyẹn. Omi ìgbẹ́ tó ṣẹ́ kù, àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ń fi kẹ́ẹ̀gì wá rà á, títí kan àwọn ará ilé kejì yẹn náà.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ẹ̀pẹ́ láti gba àwẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mùsùlùmí ni wọ́n, onígbàgbọ́ ni èmi, ọmọ Ìsẹ́yìn, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ gba tèmi tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ ló mú wa rẹ́. "Ìyàwó, ọbẹ̀ ẹ dùn," ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, inú mi á dùn dé gongo.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń po ìgbẹ́. Wọ́n fi ojú tẹ̀lé páìpù láti kòtò dé fèrèsé ilé ìdáná. Nírọ̀lẹ́, èso dàbínù àti omi ni wọ́n fi ṣínu, wọ́n ní àwọn ti yó.

Ọjọ́ kejì, dàbínù. Ọjọ́ kẹta, dàbínù. Orí mi dàrú. Mo fọ gbogbo ìkòkò. Mo fi èédú se ẹ̀wà, wọn ò fọwọ́ kàn án. Èédú ńkọ́, kí ni èédú ṣe? Inú bí mi. Ẹni tó ti ń fọ ìfun ẹja ní Ẹ̀pẹ́ láti kékeré!

Mo gba ọ̀dọ̀ Ààfáà àdúgbò wa lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìgbẹ́ ẹran tí a lè jẹ kì í ṣe nájísí, ohun àìmọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti iná rẹ̀. Mo sáré délé, mo bá Màmá nílé ìdáná, mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Wọ́n wojú mi. "Kí wọ́n tó bí Ààfáà yẹn ni mo ti mọ̀. Ìgbẹ́ màlúù la fi ń pa ilẹ̀ ilé bàbá mi. Orí ẹ̀ la ti ń jẹun. Ìyàwó, kí ló dé tó o fi í pa mọ́ fún mi?"

Mo fẹ́ dáhùn pé mi ò fi í pa mọ́, pé wọn ò bi mí ni. Ojú mi bá bọ́ sára sílíńdà gáàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Òfìfo ni. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa dé, kó lè jọ pé òun ni mo fi ń dáná.

Mo dìde, mo gbé e jáde lójú wọn. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, dàbínù náà ni Màmá tún fi ṣínu.