Dókítà Yanu-Dáadáa àti Ìràwọ̀ Kan

Ọjọ́ tí Dókítà Yanu-Dáadáa gbé eyín lọ bá ẹni tó ni ín ní ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ládùúgbò. Káfíńtà kan tó máa ń kan pósí ló fà á. Dókítà yọ eyín ẹ̀yìn kan fún un, eyín náà sì ti kẹ̀ kọjá sísọ. Nígbà tí káfíńtà délé, ó ṣí fóònù, ó wá ojú ewé ilé ìwòsàn náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí aláìsàn ti máa ń fún dókítà ní ìràwọ̀. Nínú márùn-ún, ẹyọ kan ló fún un. Ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó bá mi wí bí ọmọdé."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí dókítà fi gbé eyín náà sínú ìgò kékeré, ó di ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Tọkọtaya kan ń dúnàá dúrà pósí lọ́wọ́. Dókítà ò kí ẹnikẹ́ni, orí pósí náà gan-an ló gbé ìgò lé.

"Ìwọ káfíńtà, mo bá ọ wí àbí mi ò bá ọ wí?"

"Ẹ bá mi wí, sà."

"Ó dáa. Wo nǹkan tó wà nínú ìgò yẹn. Ṣé ó tọ́ kí n bá ọ wí, àbí kò tọ́?"

Obìnrin tó fẹ́ ra pósí bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sínú ìgò, ó ní, "Ó mà tọ́ o." Ìyẹn ló bí káfíńtà nínú jù. Ó ní òun ò ní yí nǹkan kan padà, ìràwọ̀ kan ni, ìràwọ̀ kan náà ni yóò jẹ́. Dókítà bá tirẹ̀ lọ, ó fi ìgò sílẹ̀. Wọ́n gbé e sórí pẹpẹ, ó sì wà níbẹ̀ di òní, torí kò sẹ́ni tó tún fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Bí Dókítà ṣe rí nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ẹnu rẹ̀ ni kò rọ̀. Ẹni yòówù tó bá jókòó sórí àga rẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, ìbáà ṣe ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa gbọ́: "Yanu dáadáa, àbí o fẹ́ gbé e mì ni?" Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé ìwòsàn rẹ̀ wà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tóun náà kọ́ iṣẹ́ eyín, jókòó ti àga yẹn lẹ́yìn òun. Ọmọ náà fi iṣẹ́ tó dáa sílẹ̀ níbòmíràn, ó wá bá a.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn kan ṣí ilé ìwòsàn eyín onídígí sí oríta. Wọn ò mọ iṣẹ́ tó o, àmọ́ ìlẹ̀kùn wọn ń dán. Aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Onílé ní bí àtẹ̀gùn òun bá ṣì dá páropáro títí ọdún fi parí, òun á gbé yàrá náà fún àwọn onítáyà kí wọ́n fi kó ẹrù sí.

Ọmọ bá gbé fóònù wá bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ẹni tí eyín ń dùn kì í béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò mọ́, fóònù ló ń bi. Àwọn onídígí ló ń kọ́kọ́ jáde. Àwa la wà nísàlẹ̀ pátápátá, a tiẹ̀ tún wà lẹ́yìn ẹni tó ń tọ́jú eyín ajá."

"Ajá kì í fún èèyàn ní ìràwọ̀ kan."

"Èyí tó tún wá burú ni pé máàpù ò mọ ibi tá a wà. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ọjọ́sí ló ń júwe."

Òótọ́ ni. Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú á tẹ̀lé fóònù títí, á bá ara rẹ̀ láàárín pósí. Àwọn kan sá padà sílé, wọ́n ní eyín ò dun àwọn mọ́. Àwọn tí kò sá, káfíńtà tínú ṣì ń bí á júwe onídígí fún wọn.

Ọmọ ní àtúnṣe rẹ̀ ò le. Àwọn tó ni máàpù á fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ló nibẹ̀ lóòótọ́. Nọ́ńbà náà wọlé.

"Bàbá, ẹ kà á fún mi."

"Mi ò lè kà á. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Èmi ọmọ yín ńkọ́?"

"Ṣé wọ́n kọ 'àfi ọmọ' síbẹ̀?"

"Ẹ gbé fóònù fún mi, kí n wò ó fúnra mi."

"Bí àwọn olè ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn."

Kó tó gbà láti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àkókò nọ́ńbà ti kọjá. Òmíràn wọlé, bàbá ní nọ́ńbà tó ń yí padà bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ti ọmọlúàbí. Máàpù ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù pósí.

Ọmọ ní ó dáa, kí ó ṣáà bẹ àwọn tó ti wò sàn kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rere sí ojú ewé náà. Èyí, bàbá gbà. Àmọ́ ó ní òtítọ́ kì í tutù kí wọ́n tó sọ ọ́. Bó bá ti yọ eyín tán, tí òwú ṣì wà lẹ́nu aláìsàn, tí itọ́ ń dà sí i láyà, á na fóònù sí i: "Kọ ọ́ báyìí." Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Mi ò mọ ibi tí ètè mi wà," ó fún un ní méjì. Ẹlòmíràn kọ "Yéè," kò fún un ní nǹkan kan.

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí ò bínú sí àwọn yẹn, ìrora ló ń kọ̀wé. Àwọn tí mò ń bínú sí ni àwọn tí ara wọn ti yá. Wọ́n ń fi eyín tó tún ṣe fún wọn rẹ́rìn-ín káàkiri ìgboro, wọ́n ń kí i lọ́nà, "Dókítà wa, ẹ kú iṣẹ́ o," fóònù wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò kọ kiní kan. Nígbà tí eyín mìíràn tún ń dùn wọ́n, ọ̀dọ̀ onídígí ni wọ́n gbà lọ. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ọdún ò parí tí àìsàn fi dá bàbá dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Onílé ò jẹ́ kí wọ́n ṣọ̀fọ̀ tán tó fi kó táyà sókè. Ọmọ gbé àga bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò rí ibi gbé e sí.

Ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ín ni ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, márùn-ún, márùn-ún. "Kò ní ẹlẹgbẹ́." "Ta ni yóò máa bá wa wí báyìí?" Àwọn aráalé onídígí náà kọ tiwọn. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, bó o bá bi fóònù léèrè dókítà eyín, Yanu-Dáadáa ló ń kọ́kọ́ jáde, ó ga ju gbogbo wọn lọ. Táyà ló wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ rẹ̀ ń kà á, ó ń sunkún, inú ń bí i.

Ọjọ́ kan, káfíńtà wá bá a nílé. Òun náà ló kan pósí bàbá, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́.

"Dókítà, àwọn tí eyín ń dùn ti kún ṣọ́ọ̀bù mi. Máàpù ló ń kó wọn wá. Mi ò sì lè júwe onídígí fún wọn mọ́, ojú ń tì mí. Yàrá iwájú mi ṣófo. Ẹ gbé àga yẹn wá."

Ó gbé e wá. Máàpù ò sún kúrò lójú kan, síbẹ̀ irọ́ rẹ̀ di òótọ́.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ jókòó, eyín mìíràn ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ dókítà tan iná sí i lẹ́nu, ó rọra ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ la ẹnu díẹ̀ sí i."

Káfíńtà ò là á. Ó ń wo ìgò kékeré orí pẹpẹ.

"Bàbá yín ì bá ti bá mi wí."

Ọmọ náà dúró, ẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ̀. Káfíńtà tó bí i lọ́mọ, òun ò sì pe àgbàlagbà ní ìwọ rí.

"Yanu dáadáa, àbí o fẹ́ gbé e mì ni?"

Káfíńtà yanu. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kàn án.