Ọjọ́ Tí Ohùn Bàbá Wa Dákẹ́ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe inú ohun tí mo kọ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ, láti ìgbà náà ó ṣọ̀wọ́n kí n kọ ju orúkọ mi lọ. Bí mo bá sì wà láàárín èèyàn, ẹnu mi kì í yá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, bí ẹ bá sì ti sin òbí kan rí, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́.

Òórùn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkàrẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí: eruku, òjé tó ń yọ́, àti epo gbígbóná láti ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó gbé wa débẹ̀ nìyí. Bàbá wa máa ń ṣe wáásí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ọ̀kà. Kó tó kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, gba ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni ohùn náà sì wà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, ìyá wa á jókòó tì í, Bàbá á sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú yàrá ló wà. Ohùn Ọ̀kà ló fi ń ṣàdúà ní ìparí, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé. Ibẹ̀ ni ìyá wa máa ń dúró dè.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bàbá á sọ ọ̀rọ̀ kan, á dúró pẹ́ kó tó sọ èkejì. Ẹ̀gbọ́n mi bá ra mẹ́mórì tuntun ní Ìkàrẹ́, pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan tó ní eyín aláwọ̀ wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun máa fi í sí i fúnra òun, òun ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù.

"Ọpọlọ la fẹ́ fi kún un, Ìyá."

"Ọpọlọ tuntun? Ṣé kò ní gbàgbé bàbá yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ìyá, kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe arúgbó." Ó fi mẹ́mórì náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ kírun Alásàrí.

Nígbà tó dé, ó tú ìdí kọ̀ǹpútà, ó ti mẹ́mórì wọlé, ó tẹ ibi tí wọ́n fi ń tàn án. Iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàn, fáànù rẹ̀ yí, ó ń ké píì, píì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó yọ tuntun, ó dá ti àtijọ́ padà. Dúdú. Ó yọ bátìrì, ó tún fi í sí i. Dúdú náà ni. Jìnnìjìnnì bá mi débi pé mo gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná títí ó fi jóná. Ìyá wa kàn fa ìbòrí rẹ̀ mọ́ra, ó wọlé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkúukùu ò tí ì kúrò lórí òkè nígbà tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́. Ìyá wa, tí kì í fẹ́ wọ mọ́tò, ló ní òun á bá wa lọ.

Ọkùnrin náà tú kọ̀ǹpútà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ihò tí mẹ́mórì ń wọ̀. Ó fi ìka kàn án, ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

"Áfà," ó ní, "ta ló fún kọ̀ǹpútà yín ní tíì mu? Ẹ ò sì rántí búrẹ́dì."

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Ìwọ lo wà nílé! Kí lo dà sí i?"

N kò da nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi. Ìgbà náà ni òórùn kan kàn mí nímú, òórùn oyin àti tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ kéwú. Hàǹtú ni, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì kúrò lára wàláà, pátákó tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ìgò rẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá wa. N kò jẹ́ kí ojú mi kan tirẹ̀.

"Má jágbe mọ́ ọn," ìyá wa sọ láti orí bẹ́ńṣì. "Èmi ni."

Ọkùnrin náà gbé tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo fi hàǹtú ra eyín nǹkan tuntun yẹn nígbà tí o lọ kírun. Mo rò ó pé àlejò ló fẹ́ wọlé tọ bàbá yín, kó má lọ lé e jáde."

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló kọ wàláà yẹn. Òun ló fọ̀ ọ́, tó fi oyin sí i, kí ìyá wa lè máa rí oorun sùn láti ìgbà tí Bàbá ti lọ. Ìyá wa bù lára oorun ara rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà.

"Mama," ọkùnrin náà ní, kò rẹ́rìn-ín mọ́, "àdúà yín ò ṣe é ní nǹkan kan. Oyin ni." Ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti sípíríìtì nu inú ihò náà, ó fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa nǹkan rẹ́ fọ eyín mẹ́mórì méjèèjì. Ó ní ibòmíràn nínú kọ̀ǹpútà ni ohùn wà, hàǹtú ò débẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Píì kan péré, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ohùn náà. Bàbá wa sọ̀rọ̀ ní Ìkàrẹ́, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ìyá alákàrà sì yọjú wo ẹni tó ń wàásù. Nígbà tó kan àdúà, ìyá wa ṣe àmín sókè.

"Ṣé ẹ ní i níbòmíràn?" ọkùnrin náà bèèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju ojú dúdú ti àná lọ. A ti sin bàbá wa, a sì ń gbé ìyókù rẹ̀ kiri nínú ohun tí síbí oyin kan lè pa lẹ́nu mọ́. Títí dòní, bí mo bá rí ẹni tó ń tọ́jú nǹkan lọ́nà tí kò yé mi, mi ò kì í yára rẹ́rìn-ín. Mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé kí ló ń bẹ̀rù àtipàdánù.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo tọrọ kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Kò bi mí ní ìdí. Mo mú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí ìyá wa ń lò, mo dá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́. Mo dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà kí ẹnu mi tó là: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ohùn bàbá mi sínú èyí náà." Nígbà tí mo padà dé, ìyá wa wà nínú ọgbà. Mo gbé fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò hàǹtú rẹ̀, mo sì lọ fọ ìkòkò ọbẹ̀ tó jóná.