Àkísà Pákó Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sabon Gari, ní Kano, kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa. Ẹ̀rọ ayùn bàbá mi ni. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nílùú yẹn á rántí irú rẹ̀: ayùn gígùn tí wọ́n so lórí pọ̀ bí ìgbànú, tó ń yí lára kẹ̀kẹ́ ńlá méjì, ọ̀kan lókè tábìlì irin, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bansọ́ọ̀ ni àwọn káfíńtà ń pè é. Ẹ̀yìnkùlé wa nítòsí France Road ló wà. Èmi Bísí, àkọ́bí, ni mo ń gbá lẹ́búlẹ́bú pákó kí n tó sáré lọ ra kosai, àkàrà àwọn Hausa. Bí mo bá gbàgbé, tí ọyẹ́ fẹ́ ẹ sínú ẹ̀kọ mímu, orí ìkúnlẹ̀ ni n ó wà títí gbogbo ilé yóò fi mu tiwọn tán.

Àlòkù ni ẹ̀rọ náà, orí rẹ̀ sì le. Bí Bàbá bá fa ìlà tààrà sórí pákó, ayùn á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu.

Alhaji kan láti Tarauni wá kó pákó ọ̀gánwó wá fún fèrèsé ilé rẹ̀ tuntun. Àkọ́kọ́ tí Bàbá gé, ó wọ́. Alhaji kí i kú iṣẹ́ ní Hausa, ó sì fi ìka tọ́ ọ láti orí dé ìdí.

“Kafinta, sannu da aiki. Ṣé fèrèsé nìyí ni, àbí ejò?”

Ó ní tó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tí òun kírun tán, òun á padà wá. Bí èkejì bá tún wọ́, òun á kó pákó òun lọ. Kò sí iṣẹ́ mìíràn nílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá ti àwo ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ìyá Bísí, bí èyí bá bọ́, Ọ̀ffà yá o. Di ẹrù àwọn ọmọ.”

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti dé Ọ̀ffà, ìlú bàbá mi, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì fi mí rẹ́rìn-ín nítorí mo kí àgbà ní “ina kwana” dípò “ẹ káàárọ̀.” Kano ni fùrá tí mo ń mu wà, Kano ni àwọn tí a jọ ń fo okùn wà. Síbẹ̀, mo di okùn mi àti bàtà ọjọ́ Ìsinmi mi sínú gèlè.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Bàbá yí ọwọ́ irin tó ń gbé kẹ̀kẹ́ òkè sókè títí ayùn fi le. Ó fi ìka ta á, ó dún bí okùn gìtá. Ó rọra fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́, ó ń wò ó bóyá ayùn jókòó sí àárín. Ó fi bébà há àárín ayùn àti àwọn irin tó dì í mú lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n má fara kàn án, kí wọ́n má sì jìnnà sí i. Ló bá na ọwọ́ sí pákó Alhaji.

Màámi gbá a lọ́wọ́ mú. Aránṣọ ni, òun ló ń rán ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbòòrò tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbálẹ̀ nígbà náà.

“Bàbá Bísí, ṣé ara aṣọ oníbàárà lẹ ti fẹ́ dán ẹ̀rọ wò? Àkísà dà?”

“Àkísà kẹ̀? Ṣé búláòsì la fẹ́ rán ni?”

“Àkísà pákó ni mo wí.”

Mo sáré fa àjákù pákó kan yọ nínú igi ìdáná. Màámi fi ṣọ́ọ̀kì aṣọ rẹ̀ fa ìlà sí i.

“Ẹ yọ igi ìtọ́nà tí pákó ń fara tì yẹn kúrò ná. Ẹ fọwọ́ lásán tẹ̀lé ìlà, kí ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ fẹ́ lọ. Bí aṣọ bá ń yọ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ mi, n kì í bá a jà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Kí ayùn tó lè wà lórí ìlà, ó di dandan kí Bàbá yí pákó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ó dé ìdajì, ó pa ẹ̀rọ, kò sì yẹ pákó. Ó wò ó pẹ́.

“Háà! Ibi tí mo ń tì í sí kọ́ ló ń lọ!”

Ó dá igi ìtọ́nà padà, ó tẹ̀ ẹ́ bí àkísà náà ṣe tẹ̀, ó sì dè é pa. Ìgbà yẹn ni Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé pákó Alhaji lé e lọ́wọ́. Mo di etí, mo di ojú. Nígbà tí mo là á, bí pákó ṣe nípọn lórí náà ló nípọn nídìí.

Alhaji dé. Ó mú méjì nínú pákó tí Bàbá gé, ó fi ẹ̀yìn wọn kan ara wọn, ó gbé wọn sí ojú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ kò gba àárín wọn kọjá.

“To, madalla! Ó dára púpọ̀. Ilé àbúrò mi náà ń retí fèrèsé.”

Màámi wo gèlè tó wà lábẹ́ apá mi. “Ìyá ẹlẹ́rù, ó tó. Lọ tú u.”

Lónìí, àga tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ̀ ló kún ọjà. Bí omi bá kàn án, á wú bí búrẹ́dì. Ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí ní nọ́ńbà tó ń sọ bí ayùn ṣe le tó. Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Ẹ bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n á fi Hausa dá yín lóhùn. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ ọmọ mi, níbi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayùn tuntun sí ẹ̀rọ. Pákó oníbàárà wà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó kígbe sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Hausa, pé kó mú nǹkan wá fún òun:

“Kawo min àkísà!”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bi í léèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kàn mú àjákù pákó kan wá.