Bọ́ọ̀sì Búrẹ́dì Tó Gbé Ìyá Mi Relé

Ìyá mi ṣubú nínú balùwẹ̀ wa ní Agége, egungun ìbàdí wọn sì ṣẹ́. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wọn. Bí ìyàwó mi bá gbé ògì wá, wọ́n á ní, "Ilé ni mo fẹ́ lọ." Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á ní, "O ti jí? Ó dáa, gbé mi lọ sílé." Wọ́n ní bàbá àwọn kọ́lé sí Ìjẹ̀bú, àwọn ò ní kú sí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ilé onílé.

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ò yẹ ọjọ́ orí wọn mọ́. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ jókòó, wọn ò gbọdọ̀ tẹ̀, kí wọ́n ṣáà nà gbalaja bí igi àjà. A wá ní ká gba ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn. Áà! Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló gbé bàbá mi lọ, bàbá mi ò sì padà wá.

Ìyá mi ní, "Ọkọ̀ tó mọ àlọ tí kò mọ àbọ̀, kí ni mo fẹ́ bá a dé?"

Ara wọn sì ń yọ́ lójú mi bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Bí èmi, tí mi ò lè pààrọ̀ táyà láìké sí aládùúgbò, ṣe di ẹni tó ń wá ọkọ̀ tó lè di yàrá nìyẹn.

Ní Ìkẹjà, mo rí ọ̀kan tó rẹwà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ ga débi pé àfi ká fi àkàbà gbé màmá gòkè. Èkejì kúrú. Mo dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á, ẹsẹ̀ mi yọ síta.

Ọkùnrin náà wò mí. "Ọ̀gá, ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ rà ni àbí bẹ́ẹ̀dì?"

Mo ní méjèèjì ni. Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ bá oníbàárà mìíràn.

Ìyàwó mi ló rí èyí tó bá wa mu. Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì lẹ́yìn ilé wa fẹ́ ta bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń pín ọjà. Kò ní àga, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì ga. Ó ní ìlẹ̀kùn ńlá lẹ́yìn, ó ní òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ GBÓNÁ FẸLIFẸLI sí i lára gàdàgbà-gadagba.

Mo rà á, mo gbé e lọ bá jórinjórin kan nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Ìkẹjà. Ó gé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi fèrèsé sí i níbi tí ojú ẹni tó dùbúlẹ̀ máa dé. Ó jó bẹ́ẹ̀dì mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, apá ìrọ̀rí sí ẹnu ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, kó lè rọrùn fún wa láti máa fún màmá lómi. Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ àṣejù. Mo ra fáànù, mo ra póò, mo ra kẹ́ẹ̀gì omi. Ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ńkọ́? Mo ní kò wúlò, mo ní kí káfíńtà ṣe kọ́bọ́ọ̀dù pákó tí màá kó wọn sí, kó fi ìṣó kàn án mọ́ ọn pa.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé Ìjẹ̀bú lẹ̀ ń lọ ni àbí Mẹ́kà?"

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ, àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì màmá wá nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n fi pákó gbé wọn dé ìdí ọkọ̀. Ẹsẹ̀ màmá ti ń wọlé nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ara ìlẹ̀kùn mú.

"Ẹ dúró! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá."

"Kí ló dé tí ẹsẹ̀ mi ń ṣíwájú? Òkú ni wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n kú tán ná, kánjúkánjú!"

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wo ara wọn, wọ́n gbé màmá padà sínú ilé. Láti ìgbà yẹn, màmá ò fẹnu kan oúnjẹ mọ́. Mo sáré lọ bá jórinjórin. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ wo? Mo kúnlẹ̀ fún un, ẹni tí mo lè bí.

"Ẹ dìde, Bàbá," ó ní, "ẹ fẹ́ fi ṣòkòtò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ni?"

Ó gé bẹ́ẹ̀dì, ó yí i padà. Ìrọ̀rí wá bọ́ sẹ́yìn àga awakọ̀. Màmá forí wọlé, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ní gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ń bú mi. "O ò rí kòtò yẹn ni? Àbí ìwọ lo gbẹ́ ẹ?" Ní Ṣàgámù, àwọn kan sáré tẹ̀ lé wa, wọ́n fẹ́ ra búrẹ́dì. Màmá ní, "Sọ fún wọn pé ó ti tán." Lẹ́yìn Ṣàgámù, mo kó sí kòtò kan tó mi gbogbo ọkọ̀, wọn ò bú mi. Mo kó sí òmíràn. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè wẹ̀yìn.

Nígbà tí a dé agboolé, àbúrò màmá ló ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n káwọ́ lérí. "Yé è! Òkú lẹ gbé wá bá mi!"

Ohùn tín-ín-rín kan dáhùn láti inú lọ́hùn-ún. "Mi ò tíì kú. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n gbé mi jáde báyìí o."

Ìgbà yẹn ló tó yé èmi ọ̀mọ̀wé: ẹni tó bá forí wọlé, ẹsẹ̀ ló máa fi jáde. A fẹ́ yí wọn padà nínú ọkọ̀. Àyè ò gbà wá, igbe tí wọ́n sì ké nígbà tí a kọ́kọ́ fọwọ́ kàn wọ́n mú kí gbogbo wa jọ̀wọ́ wọn. Oòrùn wà lórí irin. Fáànù ti kú. Òógùn bò wọ́n, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àbúrò wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín bẹ́ẹ̀. Ooru ń pa yín."

"Kí n wọ agboolé bàbá mi bí òkú, lójú gbogbo ọmọ ilé? Mi ò ṣe. Ẹ jẹ́ n jinná síbí. Bọ́ọ̀sì búrẹ́dì ṣáà ni."

Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. Ojú mi bọ́ sára kọ́bọ́ọ̀dù mi. Mo ní kí wọ́n fún mi ní àáké. Mo ṣá a láìbìkítà, pákó ń fò, omi ya sílẹ̀, póò tuntun yí lọ sáàárín èrò. Ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí, atẹ́gùn wọlé. A to ara wa sí ìdí rẹ̀, a gbé ìyá mi tòun ti fóòmù, wọ́n fẹ̀gbẹ́ jáde, kì í ṣe orí, kì í ṣe ẹsẹ̀. Lórí ilẹ̀ gbalasa, a yí wọn, orí wọn kọjú sí ẹnu ọ̀nà bàbá wọn.

A tẹ́ wọn sí yàrá. Wọ́n wo òrùlé yíká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi.

"Lọ palẹ̀ igi tó o fọ́ sí ìta mọ́, kí ìṣó má lọ gún ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀."

Mo jáde, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣa ìṣó. Omijé ò jẹ́ kí n rí wọn dáadáa, ọwọ́ ni mo fi ń wá wọn.