Ṣọ́ọ̀bù Tòún ní Mowe

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orí Tòún ṣe le tó, kó lọ bi Olúgbádé ọkọ rẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n ṣègbéyàwó, yàrá kan ṣoṣo nílé ẹ̀gbọ́n Gbádé ní Agége ni wọ́n sì kó sí, yàrá tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, yóò kọ́kọ́ sọ fún ẹnì kejì. Gbádé ń tún fíríìjì ṣe ní Ìkẹjà. Aránṣọ ni Tòún ní tirẹ̀, ọmọ Ìkirè, ó sì ti lo ọdún mẹ́fà lábẹ́ Màdáàmù Ìbíwùnmí ní Berger. Ọdún mẹ́fà gbáko! Òun ló ń gé e, òun ló ń rán an, òun ló ń bẹ oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ bá pẹ́, orúkọ Màdáàmù ló sì wà lára ọ̀rá tí wọ́n fi ń gbé aṣọ náà lọ. Ó ti sú u.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n Gbádé wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tó wá sọ pé òun fẹ́ lo yàrá òun, Gbádé káwọ́ lérí, ṣùgbọ́n ṣe ni Tòún ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Níwájú èèyàn, "ẹ" ni Tòún máa ń fi pe ọkọ rẹ̀. Bó bá ku àwọn méjì, ó di "ìwọ" bí ẹni ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀.

"Gbádé, gbọ́. Ilé tí a máa gbà yìí, ó gbọ́dọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù níwájú. Èmi náà fẹ́ dá dúró. Tí kò bá ní ṣọ́ọ̀bù, jẹ́ ká máa sùn níbí títí wọn á fi lé wa."

Gbádé ní kó fara balẹ̀. Ta ni yóò fara balẹ̀?

Akute ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ilé dára, omi wà, ṣọ́ọ̀bù wà níwájú gedegbe. Baba onílé jókòó sórí àga rọ́bà, ó ń wò wọ́n látòkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò Iléyá. Ó ní iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe. Gbádé ní fíríìjì, baba mi orí, ó wù ú. Tòún kúnlẹ̀, ó ní aránṣọ lòun. Baba dìde dúró.

"Aránṣọ kẹ̀? Láéláé! Èyí tó kó jáde lóṣù tó kọjá, òun àti jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ọdún méjì ni mi ò fi mọ ohun tí wọ́n ń pè ní oorun ọ̀sán."

Tòún ní ẹsẹ̀ lòun fi ń wa ẹ̀rọ tòun, kò lo iná rárá. Baba ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyẹn náà ṣe wí kó tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ní Òkè-Àró, òjò ti rọ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹrẹ̀ gbé bàtà Tòún kan mì, wọ́n wá a tì. "Ó dáa náà," ló wí, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tiro padà síbi tí wọ́n ti sọ̀kalẹ̀, "bàtà mi ti gba ilé níbí. Èmi ò gbà." Ní Ibafo, pákó ni wọ́n tò lórí omi kí wọ́n tó lè dé ẹnu ọ̀nà, obìnrin kan tó ń sá aṣọ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ṣàánú wọn. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ẹ má gba ìsàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Tó bá ti di oṣù kẹsàn-án, ẹja ló ń gbé ibẹ̀."

Gbádé wá rí àyè sọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní yàrá méjì tó ṣófo ní Ìfọ̀, lẹ́bàá rélùwéè, ọ̀fẹ́ ni yóò sì fi fún wọn. Ọ̀fẹ́! Ẹlòmíì ì bá ti jó. Tòún ní ilé tí ẹbí ọkọ bá fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo ẹbí ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Gbádé ní ṣọ́ọ̀bù á tẹ̀lé e lọ́jọ́ iwájú. Tòún ní ọjọ́ iwájú náà ni Màdáàmù Ìbíwùnmí ti ń dá fún òun láti ọdún mẹ́fà. Ọjọ́ méjì ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀, nínú yàrá tí wọn ò ti lè yíra padà yẹn o. Lọ́jọ́ kẹta, Gbádé ní, "Kò burú. Yan èyí tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá bọ́ sí i, Ìfọ̀ là ń lọ."

Tòún ní ó gbà. Ó yan Mowe.

Ajẹ́ńtì tó bá wọn wá ilé níbẹ̀, Àdìó lorúkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Ẹ má jẹ́ ká ba tirẹ̀ jẹ́, torí ó sọ òótọ́ tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá lọ́jọ́ Tuesday. Tòún ní rárá, Friday àkọ́kọ́ oṣù làwọn máa wá, torí ọjọ́ náà làwọn ń lọ sí ìsìn òru Holy Ghost ní Kámpù, ojú ọ̀nà sì ni Mowe wà. Kí ló dé táwọn á fi wọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì?

"Àǹtí, ẹ wá lọ́jọ́ Tuesday," Àdìó bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. "Friday yẹn, èrò á ti pọ̀ jù."

"Èrò náà ni mo fẹ́ rí," Tòún dáhùn.

Ó sì rí i. Yéè! Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Friday náà, ọkọ̀ ti dúró pa lójú títì, àwọn èrò sì ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà àbùjá tí wọ́n ń gbà ló kọjá níwájú ilé tí Àdìó mú wọn lọ. Obìnrin tó wọ síkẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin tó wọ kóòtù, ìyá tó gbé ẹní àti kúlà, ẹgbẹ́ akọrin odindi kan nínú aṣọ àlùkò. Tòún dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń fojú wọn aṣọ. Èyí fẹ̀ jù léjìká. Tìyẹn nílò kí wọ́n gé e kúrú. Obìnrin yìí, ta ló rán irú nǹkan báyìí fún un, kí Ọlọ́run dárí jì í! Ó ń ka àwọn obìnrin nìkan. Nígbà tó ka igba, ó ṣíwọ́.

Gbádé sọ sí i létí. "Ṣé kì í ṣe torí Holy Ghost ni?"

"Àwọn tó ń lọ Holy Ghost, ṣé ìhòòhò ni wọ́n ń rìn?"

Ìyá Nùsírátù tó ni ilé, àgbàlagbà ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la títì, ń wò wọ́n látorí àpótí tó jókòó lé. "Ilé mi ò jò," ló wí, "kànga mi ò gbẹ. Hun tí mo mọ̀ nìyẹn." Ọjọ́ náà ni wọ́n sanwó. Lọ́jọ́ Monday tó tẹ̀lé e, Tòún lọ sọ fún Màdáàmù Ìbíwùnmí pé òun ti ń lọ. Màdáàmù ò bínú. Ó kàn ní, "Ẹnu ọ̀nà yìí ò ní tì. Orí ìkúnlẹ̀ lo máa bá wọlé, ṣùgbọ́n kò ní tì."

Wọ́n kó lọ. Wọ́n kun ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní búlúù, Tòún fi lẹ́ta ńlá kọ orúkọ ara rẹ̀ sókè rẹ̀, ó fi ọ̀dà kun ilẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Tuesday ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó.

Ewúrẹ́ méjì ló kọ́kọ́ kọjá.

Ó dúró, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Kò séèyàn. Géètì gbogbo ilé tó wà ládùúgbò ni àgádágodo wà lára wọn. Tòún rò pé ilé àwọn tó wà lókè òkun ni, àwọn tó ń kọ́lé tí wọn kì í gbé inú rẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, ewúrẹ́ padà wá. Ní aago márùn-ún, àwọn ọmọ iléèwé mẹ́ta kọjá, ọ̀kan béèrè bóyá ó ń ta súìtì. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kẹta. Iná ò sí, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ló ń tilẹ̀kùn. Sátidé àkọ́kọ́, Agége ló lọ kó ẹrù tó kù. Sátidé kejì, ìsìnkú ló bá lọ sí Ìkirè. Lọ́jọ́ Sunday, ṣọ́ọ̀ṣì wọn àtijọ́ ní Agége ni wọ́n ṣì ń lọ.

Ó lọ bá Ìyá Nùsírátù nígbà tó sú u. "Ìyá, èrò tó pọ̀ lọ́jọ́ tí a wá wolé yẹn, níbo ni wọ́n wà?"

Ìyá ò tilẹ̀ gbójú sókè lára ẹ̀gúsí tó ń bó. "Ilé ni mo fún ọ háyà, ọmọ mi. N ò fún ọ háyà èrò."

Ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ kan. Aṣọ kan ṣoṣo tó wọlé ni ìrọ̀rí Ìyá Nùsírátù tó tú létí, ọ̀fẹ́ ló sì bá a rán an. Lọ́jọ́ Wednesday, Gbádé dé láti Ìkẹjà, ó jẹun tán, ó wá rọra ní, "Tòún, ìbínú kọ́ o. Ṣùgbọ́n a ti jọ sọ ọ́. Ó yá, ká palẹ̀ ẹrù mọ́, ká máa lọ sí Ìfọ̀. Tàbí kí o lọ bẹ Màdáàmù, ká lè rówó dúró síbí."

Tòún sunkún. Ó dùn ún wọra. Kì í ṣe torí ilé, kì í sì í ṣe torí Ìfọ̀ pàápàá, ojú ló ń tì í: òun tó fi gbogbo ẹnu sọ pé òun fẹ́ dá dúró, èrò ọ̀nà ìsìn lòun kà sí oníbàárà. Ó nu ojú, ó ní òun á lọ bẹ Màdáàmù. Bó bá jẹ́ ìkúnlẹ̀ ni, orúnkún òun ò tíì yẹ̀.

Gbádé a máa jáde ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Tòún jáde ní nǹkan bí aago márùn-ún lọ́jọ́ Thursday náà, ó fẹ́ bá Màdáàmù kí àwọn oníbàárà tó dé, kí ẹ̀sín má baà pọ̀. Ó gba kọ̀nà, ó yọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, ó sì dúró gbagidi.

Èèyàn! Èèyàn rẹpẹtẹ! Wọ́n tò látẹnu títì dé iwájú ilé epo. Ọkùnrin tó so táì mọ́rùn tó wọ sílípáàsì, tó gbé bàtà gidi sínú ọ̀rá nítorí ẹrẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì nínú aṣọ funfun, àwọn obìnrin báǹkì, àwọn tíṣà. Olúkúlùkù mú fúláàsì oúnjẹ lọ́wọ́, wọ́n ń kí ara wọn lórúkọ, "Ìyá Jésùlayọ̀mi, ẹ kú ìdájí o," "Bọ̀dá, òjò àná ńkọ́?" Tòún mọ̀ pé ọjọ́ yìí kì í ṣe Friday àkọ́kọ́ oṣù.

Bọ́ọ̀sì dé, wọ́n dà bò ó. Ọmọbìnrin kan na ẹsẹ̀ láti gòkè, ṣàràà! Síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fàya lẹ́yìn títí dé ibi tí kò yẹ kí ojú dé. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi báàgì bo ìdí, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "Mo gbé! Bí mo bá padà lọ pààrọ̀ aṣọ báyìí, mo ti pẹ́ níbi iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n á kọ̀wé sí mi!"

Aránṣọ kì í jáde nílé láìní abẹ́rẹ́. Tòún ti yọ tirẹ̀ kúrò nínú kọ́là, ó ti ń fi òwú bọ̀ ọ́. "Kí lorúkọ ẹ, àbúrò mi?"

"Fọláwẹ̀mí, mà."

"Fọláwẹ̀mí, dúró. Yí ẹ̀yìn sí mi." Ó já òwú díẹ̀, ó ní kó fi sẹ́nu kó géyín mọ́ ọn, torí wọn kì í rán aṣọ mọ́ èèyàn lára kí ẹni náà má fi nǹkan sẹ́nu. Ìyá Jésùlayọ̀mi ṣí agboòrùn bò wọ́n, ọkùnrin onítáì tan tọ́ọ̀ṣì Nokia, ó kọjú sí ibòmíì bí ọmọ gidi. Kí bọ́ọ̀sì kejì tó dé, iṣẹ́ ti parí. Ìyá Jésùlayọ̀mi fọwọ́ pa ojú rírán náà, ó ní ó jọ ti ẹ̀rọ.

"Aránṣọ ni yín! Níbo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà?"

"Iwájú ilé Ìyá Nùsírátù. Ìlẹ̀kùn búlúù."

Wọ́n wo ara wọn. Fọláwẹ̀mí tu òwú ẹnu rẹ̀. "Èyí tó máa ń wà ní títì yẹn? Láràárọ̀ ni mò ń kọjá níbẹ̀, lálaalẹ́ ni mò ń kọjá níbẹ̀! A rò pé ẹni tó ni ín ò tíì kó wá ni."

"Èmi náà rò pé ẹ̀yin lẹ ò tíì kó wá," Tòún wí.

"Aago mélòó lẹ máa ń ṣí?" ọkùnrin onítáì béèrè.

"Mẹ́sàn-án."

Ẹ̀rín tó bú lẹ́nu wọn, àwọn tó wà níwájú bọ́ọ̀sì yọrí jáde. Mẹ́sàn-án! Ní Mowe! Ta ló ń bẹ nílé? Kọ́ńdọ́kítọ̀ tó ń pè "Berger, ẹnì kan ṣoṣo!" tọ́ka sí Tòún, ó ní kó wọlé, àyè kan ló kù. Tòún wo àyè náà. Ó ní kí wọ́n máa lọ.

Ó pe Gbádé. "Àwọn èèyàn tó wà níbi ọkọ̀ yìí, ṣé láràárọ̀ lo máa ń rí wọn?"

"Àwọn ará àdúgbò wa? Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni wọ́n ṣe?"

"O ò sọ fún mi!"

Gbádé ní, "Mo rò pé wọ́n ti ní aránṣọ tiwọn ni."

Tòún rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé, inú rẹ̀ dùn, inú sì ń bí i sí Gbádé díẹ̀, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Jésùlayọ̀mi ti ń sáré padà sílé lọ mú bùbá tó fẹ́ kó bá òun dín, ó ní òun á wọ ọkọ̀ tó kàn. Tòún ní kó máa bọ̀, òun fẹ́ lọ ṣílẹ̀kùn.