Álúbọ́ọ̀mù tí Táyé Gbé Lọ Sílé Ọkọ

Òórùn láfún tí a fi omi gbígbóná rò, tí ó ti ń kan díẹ̀díẹ̀ nínú agolo mílíìkì, ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́ ní Igbó-Ọrà. Kì í ṣe òórùn aṣọ tuntun, kì í sì í ṣe òórùn èédú inú áyọ́ọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé télọ̀ ni mí, télọ̀ tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá. Láfún yẹn ni mo fi ń lẹ fọ́tò. Mo máa ń fún omi ewúro díẹ̀ sí i kí aáyán má baà jẹ ẹ́, ọgbọ́n orí ara mi sì ni, ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Ìwé kejì ni mo ti kúrò nílé ìwé, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ní gbogbo Ìbàràpá nígbà náà, láti Erúwà títí dé Ìgàngàn, kò sí akọ̀wé kan tó lè to fọ́tò sínú álúbọ́ọ̀mù kó dọ́gba pẹ̀lú tèmi.

Ìgbà tí mò ń wí yìí kò jìnnà sí ọdún tí wọ́n ní kí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, tí àwọn arúgbó ń dúró létí títì tí wọn kò mọ apá ibi tí wọn ó kọ́kọ́ wò. Álúbọ́ọ̀mù ti di ohun tí gbogbo ilé ń fẹ́ ní. Àlejò kò ní tíì mu omi tán tí wọn ó fi gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń to fọ́tò bí ẹni tó ń to igi ìdáná ni. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti di ọ̀sán Sọ́ńdè, màá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá tẹ́ àwọn fọ́tò sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, láfún kò tíì ní kàn wọ́n o. Màá fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, màá wò ó láti òkèèrè. Bí ojú ewé bá há, màá yọ ọ̀kan kúrò, nítorí ojú ewé gbọ́dọ̀ rí ibi mí. Ẹni tó bá kọjú sí ọ̀tún, apá òsì ni màá fi sí, kó lè máa wo inú ilé. Ẹni tó bá kọjú síta dà bí ẹni tó ń kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ọmọ kì í wà lókè orí ìyá rẹ̀. Orogún méjì, orí wọn gbọ́dọ̀ ga bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ti lẹ ìjà mọ́ ewé náà nìyẹn. Bébà fàdákà inú páálí sìgá, mo ń gé e sí òdòdó. Àlùmọ́gàjí eléyín tí mo fi ń gé etí aṣọ kó má baà tú, òun kan náà ni mo fi ń gé etí fọ́tò kó dà bí léèsì. N kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyìn ni oúnjẹ mi.

Tíṣà kan wà tí òun náà fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Ó máa ń gbé álúbọ́ọ̀mù tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù kí a jọ máa ṣe é. Rúlà ló fi ń to tirẹ̀. Gbogbo fọ́tò á dúró lórí ìlà, tèṣí ní iwájú, tọdún yìí lẹ́yìn. Mo máa ń bi í pé, "Tíṣà, ṣé ẹgba làwọn èèyàn rẹ tò fún ni?" Òun náà á ní, "Ó sàn ju tìrẹ tó dà bí ẹ̀wù eégún lọ." Báyìí la ó ṣe máa bú ara wa títí oòrùn á fi wọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí àwa méjèèjì kò jiyàn lé lórí ni pé fọ́tò kan náà kì í yọjú lẹ́ẹ̀mejì nínú álúbọ́ọ̀mù kan. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìtàn ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá kan wà ní Erúwà tí mo máa ń ránṣọ fún. Ìyá Ìbejì la ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló kù nínú àwọn ìbejì náà. Kẹ́hìndé ti re àjò nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì kéré gan-an. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í sọ pé ìbejì kú. Táyé ló dàgbà, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ará Ìgàngàn. Bí ìgbéyàwó ṣe ń sún mọ́lé, ìyá rẹ̀ kó gbogbo fọ́tò tó wà nílé jọ sínú abọ́ tánganran onídèérí, ó gbé e wá bá mi. Ó fẹ́ kí ọmọ òun gbé álúbọ́ọ̀mù dání, kí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lè mọ irú ilé tó ti wá. Mo rí i pé ó fi aṣọ wé méjì nínú àwọn fọ́tò náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan nínú ìnujú funfun, èkejì nínú àjákù àdìrẹ. Ó na ọwọ́ sí èyí tó wà nínú funfun.

"Télọ̀, jẹ́ kí n fi wọ́n hàn ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ìyá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ni fọ́tò fi ń bá èmi sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló wà lórí méjì yìí."

"Bí ẹ bá sọ ọ́, ẹ ó bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé mo ti kọ́ yín bí ẹ ó ṣe se ọbẹ̀ rí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnu mi mú ju àlùmọ́gàjí mi lọ. Mọ́tò Erúwà ti ń fọn fèrè nígbà náà, ó bá dìde, ó lọ.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo tú aṣọ méjèèjì, mo jù wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ àjákù, mo da gbogbo fọ́tò náà pọ̀ sórí tábìlì. Ìgbà náà ni mo rí ọmọdébìnrin kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Fìlà òwú kan náà, bàtà kan náà tó tóbi jù ú lọ, àpótí kan náà ló jókòó lé, ọwọ́ kan náà ló sì fi lé itan. Mo mọ̀ pé Táyé ni nígbà èwe rẹ̀. Tíṣà mú méjèèjì, ó yí wọn wò.

"Bi ìyá náà léèrè kó o tó fọwọ́ kàn án."

"Ṣé a máa ń bi aṣọ léèrè ká tó gé e ni?"

"Aṣọ ò ní ìyá, Télọ̀."

"Onífọ́tò ló tẹ̀ ẹ́ ní méjì, ìyá ò sì mọ èyí tí yóò yọ kúrò. Dúró kó o wo iṣẹ́."

Mo mú ọ̀kan. Mo gé e yí orí àti èjìká ọmọ náà ká, ọwọ́ mi kò gbọ̀n, kò sí ibi tí mo gé jù. Mo fi bébà fàdákà ṣe òdòdó ńlá kan, mo fi orí ọmọ náà sí àárín rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ fọ́tò Táyé tó ti di ọlọ́mọge, bí ẹni pé inú òdòdó yẹn ló ti hù jáde. Èkejì, mo lẹ òun lódindi sí ojú ewé kejì, nítorí mo ti rò ó pé bí ọ̀kan bá ti di òdòdó, kì í ṣe fọ́tò kan náà mọ́. Ìyókù èyí tí mo gé, ìyẹn àpótí àti ẹsẹ̀ tó wà nínú bàtà ńlá, mo gbá a mọ́ àjákù aṣọ, mo sun ún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bí mo ṣe máa ń ṣe. Tíṣà fúnra rẹ̀ fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó wò ó, ó ní òun kò rí irú ewé bẹ́ẹ̀ rí. Orí mi wú débi pé n kò lè jẹun alẹ́.

Ìyá Ìbejì àti Táyé ni wọ́n jọ wá gbé e. Ìyá ṣí ewé àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín sí fọ́tò ọlọ́mọge náà, ojú rẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ sí òdòdó. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ṣí ewé kejì, ó tún padà sí àkọ́kọ́.

"Télọ̀, inú aṣọ wo lo ti mú èyí jáde?"

"Aṣọ wo, Ìyá?"

"Inú funfun ni, àbí inú àdìrẹ?"

N kò mọ̀. Mo wo apẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé apẹ̀rẹ̀ lè ràn mí lọ́wọ́. Ìgbà náà ló jókòó tó sì sọ ọ̀rọ̀ tí n kò jẹ́ kó sọ lọ́jọ́sí. Kẹ́hìndé kò ya fọ́tò kankan kó tó lọ. Ìjọ wọn kò gbà kí wọ́n gbẹ́ ère fún un bí àwọn ìyá wa àtijọ́ ṣe ń ṣe. Ó bá gbé Táyé lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò, pé kó jókòó fún ara rẹ̀, kó sì jókòó fún ẹnìkejì rẹ̀. Onífọ́tò tẹ̀ ẹ́ ní méjì. Ìyá mú ọ̀kan, ó pè é ní Táyé, ó wé e sínú àdìrẹ. Ó mú èkejì, ó pè é ní Kẹ́hìndé, ó wé e sínú funfun. Láti ọjọ́ náà, wọn kò sùn pọ̀ nínú aṣọ kan rí. Ó fẹ́ kí n lẹ̀ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí àwọn méjèèjì lè jọ lọ sílé ọkọ.

Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Kẹ́hìndé re àjò. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ó wà lórí tábìlì mi.

Onífọ́tò náà ti kó kúrò ní Erúwà tipẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Ta ni yóò tún un tẹ̀? Bó bá jẹ́ Kẹ́hìndé ni mo gé, ojú kan ṣoṣo tó ní láyé ni mo bàjẹ́. Bó bá jẹ́ Táyé, mo ti fi irin kan ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ, mo sì ti sun ẹsẹ̀ rẹ̀ níná. Ìyá kò bú mi. Ó kàn ń ṣí ewé síwájú, ó ń ṣí i sẹ́yìn, ó ń wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Èwo nínú wọn? Èwo nínú àwọn ọmọ mi?"

Táyé gba álúbọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, èmi ni wọ́n gé."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Èmi ni. Kẹ́hìndé ló wà ní ewé kejì yẹn, ó pé pérépéré, kò sí ohun tó ṣe é."

"Ẹsẹ̀ tó jóná ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ mi ni mo fi dúró yìí, Màmá. Ẹ wò ó." Ó yí sí mi. "Bùrọ̀dá Télọ̀, ẹ má ṣí i kúrò, ẹ má tún nǹkan kan ṣe. Ẹ bá wa fi bébà dì í."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà nínú eruku ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi, o ò fi ìkà ṣe é." Kò rán mi létí pé òun ti fẹ́ sọ fún mi. Ká ní ó sọ ọ́ ni, bóyá ì bá ti fúyẹ́ lọ́kàn mi.

Táyé lọ sí Ìgàngàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń bá gbogbo ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá tàkúrọ̀sọ, kí n lè bi wọ́n léèrè rẹ̀ láìjẹ́ kó hàn. Nígbà tó lóyún, ẹ̀rù ohun tí mo gé tí mo sì sun bà mí débi pé mo gé apá ẹ̀wù méjì sí ọwọ́ kan náà, èmi tí n kì í ṣe àṣìṣe. Ó bí i láyọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sí Ìgàngàn lọ́jọ́ náà gan-an, òógùn bò mí. Mo bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò mí, ó mọ ohun tó gbé mi wá.

"Bùrọ̀dá, ta ni ẹsẹ̀ kì í dùn tó bá pọn ọmọ lọ sóko tó sì pọn ọ́n bọ̀? Ẹ wá jókòó, ẹ mu omi."

Álúbọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì ní yàrá àlejò wọn. Gbogbo ìlú ti rí i. Àwọn ará Ìgàngàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó fọ́tò wá bá mi ní Igbó-Ọrà, wọ́n á ní, "Irú òdòdó ìyàwó Erúwà yẹn la fẹ́." Ewé tí mo fi ba Ìyá Ìbejì nínú jẹ́ ni ó gbé orúkọ mi dé ibi tí kò dé rí. Mò ń ṣe é fún wọn, n kò ní purọ́ fún ọ, kò sì tíì sí ẹni tó lè ṣe é tó mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń yìn ín, inú mi kì í dùn bíi tàtijọ́. Èmi tó ń fọ́nnu pé mo mọ ibi tó yẹ kí olúkúlùkù jókòó sí, ọmọbìnrin kan ló fúnra rẹ̀ jókòó sí ibi tí mo gé, kí ẹnìkejì rẹ̀ lè rí ibi tó pé.

N kò mọ ẹni tí mo gé títí di òní. Táyé náà kò mọ̀ ọ́n. Ó kàn rí i pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbà pé òun ni wọ́n gé kí ìyá rẹ̀ tó lè gbé álúbọ́ọ̀mù náà délé, ó sì gbà á.