Ọmọ Mi Kọ́ Ló Mu Ẹmu

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlá Ọ̀ràngún, láyé ìgbà tí ọ̀kadà kò tíì gba ìgboro, ọjọ́ Àìkú máa ń dùn mọ́ wa bí ọjọ́ ọdún. Ìyá wa á fi àdí pa wá lára títí a ó fi máa dán. Bí a bá ti jáde ìsìn, ilé ìyá kan tó múlé tì wá la máa ń gbà lọ. Opó ni, oko ẹ̀gúsí ló ń dá. Ẹ̀yin ọmọ mi, irú iyán tó ń gún fún wa kò sí mọ́.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Tíṣà ni, ní Ìgbájọ. Ó ń bọ̀ wálé fún ọdún Àjíǹde ni ọkọ̀ tó wọ̀ dojú dé. Awakọ̀ ti mu ẹmu yó. Awakọ̀ yè é, ọmọ ìyá kò yè é.

Ilé ìyá kún. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò gbé oúnjẹ wá, wọ́n bá wa jókòó lórí ẹní. Àwọn ará ìjọ náà wá, kálukú pẹ̀lú àlàyé tirẹ̀. Àwọn kan ní Ọlọ́run ń dán ìgbàgbọ́ ìyá wò ni, àwọn kan ní iṣẹ́ Èṣù ni. Ìyá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àlàyé bàbá tó ń darí ìjọ wa ló jinlẹ̀ jù. Ó ní Ọlọ́run kò dá wa bí igi. Ó jẹ́ kí á lè yan rere tàbí búburú, kì í sì í di ọwọ́ ẹni tó bá yan búburú mú.

Ìyá gbọ́ ọ dópin. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kọ́ ló mu ẹmu."

 Bàbá dorí kodò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. A kò rí i kó sunkún rí. Láti ọjọ́ náà, kò ṣàlàyé mọ́. Ọkọ́ ló ń gbé wá. Ó ń bá ìyá ro oko títí ẹ̀gúsí fi bo ilẹ̀. Ìyá kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo àkókò yẹn, bàbá kò sì bá a wí.

Nígbà tó yá, awakọ̀ náà tiro wá, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá.

Ìyá ní, "Ọlọ́run tí kò di ọwọ́ rẹ mú, kò di tèmi náà mú. Mo lè ṣépè fún ọ. Dìde, mo dárí jì ọ́."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyá wá sí ìsìn. Àwọn obìnrin bi í bóyá ó ti rí ìdáhùn sí ìdí tí ọmọ rẹ̀ fi kú. Ó ní rárá o, òun ṣì ń bi Ọlọ́run, ṣùgbọ́n Jésù náà sunkún níbi ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun kò sì lè bá ẹni tó mọ ẹkún sun ṣọ̀tá.

Lóde òní, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, kíá la ti mọ ẹni tó fà á: ọ̀tá ibi iṣẹ́, àjẹ́ ilé bàbá. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ á máa ké èpè lé àwọn tí a fura sí lórí. Ewú ti gba orí mi báyìí, mo ti sin èèyàn tèmi náà, mi ò sì lè sọ fún yín pé ìdí báyìí ni Ọlọ́run fi gbà á láyè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà èwe wa, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í dá sunkún.